Bí Àwẹ̀ró Ẹlẹ́nu Ṣe Di Abomisẹ́nu

Ní ayé ìgbà tí omi yìí kò tíì ṣàn, tí ibi tí ẹ tẹ́ ẹní sí yìí ṣì jẹ́ ilẹ̀ àkùrọ̀ tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń ṣe ìpàdé, tí Aláhùn, ọba ìgbà náà, kò sì ní adé kankan ju fìlà tí eku ti jẹ létí lọ, obìnrin kan gbé ní Ìdó-Ahùn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Igi ahùn ni àwọn baba ńlá wa ní àwọn fi sọ ìlú náà lórúkọ. Àwọn ará ìlú kejì, tí wọ́n ti bá wa nájà rí, ní irọ́ ni, pé ahun gan-an ni, pé a kàn yí ohùn rẹ̀ padà kó má baà tì wá lójú. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn.

Àwẹ̀ró, ọmọ Òkè Ìdó, aya Ìsàlẹ̀ Ìdó. Àwẹ̀ró ẹlẹ́nu bí abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ó wí fún Aláhùn pé fìlà rẹ̀ wọ́, Aláhùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un dé. Obìnrin tó bú ìjà títí ìjà fi bẹ̀bẹ̀. Báyìí ni à ń kì í títí dòní, ẹ sì rí i pé nínú gbogbo oríkì náà, kò sí ibì kankan tí a ti sọ pé ó máa ń dákẹ́. Obìnrin tí ẹ ń bọ yìí, tí ẹ ń tẹ orí ba fún pé kó fún yín ní sùúrù, kò ní sùúrù tó kún ìkarahun ìgbín kan nígbà tó wà láyé.

Ẹnu náà ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ẹjọ́ ni oúnjẹ àárọ̀ àwọn ará Ìdó-Ahùn nígbà náà. Bí adìyẹ bá yé ẹyin sí ẹ̀yìn ògiri ẹlòmíràn, ẹjọ́ dé. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹlòmíràn ń kọjá, ẹjọ́ dé. Nígbà tó sú Aláhùn, ó ní kí wọ́n máa kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró, opó Ògúnṣolú. Àwẹ̀ró a jókòó ti ìrànwú rẹ̀, a fetí sí ọ̀rọ̀ títí dé ìdajì, a sì já a gbà lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́.

"Ìwọ ni wọ́n jí ìró rẹ? Ìró tí gbogbo wa rí ìdí rẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún? Ẹni tó jí i bò ọ́ láṣìírí ni, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Gbogbo èrò a bú sẹ́rìn-ín, wọn a sì túká. Àwọn elẹ́jọ́ méjèèjì a fi ìtìjú rìn lọ sílé. Wọn kò ní jà mọ́, wọn kò sì ní rẹ́, nítorí ohun tó gbé wọn wá ṣì wà nínú wọn bí egungun ẹja tó há sí ọ̀fun. Ṣùgbọ́n Aláhùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ìjà rẹ̀ ti parí àti ẹni tí ìtìjú pa lẹ́nu mọ́. Ó ní kí Àwẹ̀ró kọ́ gbogbo baálé adúgbò ní iṣẹ́ náà, kí olúkúlùkù lè máa parí ìjà ilé rẹ̀ nílé rẹ̀, kí òun náà lè ráyè sun oorun ọ̀sán.

Nínú àwọn baálé tó wá kọ́ṣẹ́, ẹ dá àwọn méjì wọ̀nyí mọ̀. Ọ̀kan ni Lábọ̀dé, baálé Òkè Ìdó, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, ọmọ ìyá rẹ̀, ọkùnrin tó máa ń ro ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó sọ ọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó kù á ti jẹun tán kó tó ní òun náà fẹ́ jẹ. Èkejì ni Ògúnṣeyè, baálé Ìsàlẹ̀ Ìdó, ọmọ bíbí inú Àwẹ̀ró, tó jogún oyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó sì jogún ẹnu lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí Àwẹ̀ró kọ́ wọn kò pọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, bí ẹnì kan bá rojọ́ tán níwájú yín, ẹ má bú u. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, ẹ̀yin kò lè ṣe é dáadáa. Ẹ kàn mi orí, kí ẹ sọ pé, Mo gbọ́. Kí ó ṣáà mọ̀ pé ẹ kò sùn."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "A gbọ́."

Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ́ náà fi so èso. Àkùrọ̀ yìí, tó wà láàárín Òkè àti Ìsàlẹ̀, tí igi ahùn kan dúró sí, ni ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ilá àti ẹ̀fọ́ kì í kú sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará Ìsàlẹ̀ ló sì ń dá a. Lójijì, Lábọ̀dé ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀, pé ilẹ̀ Òkè ni. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, á wo ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gbóná, àwọn baálé yòókù lọ láti parí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àwẹ̀ró ṣe kọ́ wọn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Òkè. Òkè rojọ́ títí, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "A gbọ́." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà rojọ́ títí, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "A gbọ́."

Ẹ̀yin náà mọ èdè wa. Bí ọmọdé bá ní òun gbọ́, ohun tó ń wí ni pé òun yóò ṣe é. Bí ọkọ bá ní òun gbọ́, ìyàwó ti lọ yan aṣọ. Òkè gbà pé wọ́n ti dá àwọn láre, wọ́n da ẹmu. Ìsàlẹ̀ gbà pé wọ́n ti dá àwọn láre, wọ́n pa ewúrẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Òkè gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀ láti hú ilá, Ìsàlẹ̀ gbé ọkọ́ lọ láti kọ ebè tuntun, ohun tí wọ́n sì fi ọkọ́ náà ṣe kì í ṣe iṣẹ́ oko. Wọ́n fọ́ Ògúnṣeyè léjìká. Wọ́n ṣá ọmọ Òkè kan létí, etí náà kò sì padà bọ̀ sípò títí tó fi kú. Kí wọ́n tó túká, wọ́n ti dá ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀: kí ẹni tó bá ní àdá gbé àdá wá.

Àwẹ̀ró jókòó ti ìrànwú rẹ̀, òwú ń já. Bí Òkè bá borí, ọmọ rẹ̀ ló kú. Bí Ìsàlẹ̀ bá borí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú. Ó lọ bá ọmọ.

"Ìyá mi, kí lẹ wá sọ?" ni Ògúnṣeyè wí, tí wọ́n ń fi ewé di èjìká rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ gbọ́ ni?"

Ó kúrò níbẹ̀, ó gòkè lọ bá ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi àkùrọ̀ ṣe gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ kò lè jẹ ilá kí ẹ má bínú sí i?"

Lábọ̀dé wo ilẹ̀. "Àwẹ̀ró, ilẹ̀ yẹn… ìyá wa…"

"Ìyá wa ti kú láti ìgbà tí mo ń fi eyín wàrà jẹ ẹ̀kọ. Ẹ má jí òkú nítorí ọ̀rọ̀ ilá, ẹ jọ̀wọ́."

Lábọ̀dé pa ẹnu rẹ̀ dé. Àwẹ̀ró padà sílé, ó ń bínú pé ẹ̀gbọ́n òun kì í sọ̀rọ̀.

Àwọn òrìṣà mìíràn, ìjì ló gbé wọn lọ, tàbí kí wọ́n fi ìbínú wọ ilẹ̀ lọ. Eyín dídùn ló bẹ̀rẹ̀ tiwa. Eyín ẹ̀yìn kan ló dìde sí Àwẹ̀ró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wú u ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó kó gbogbo àkàrà ilé sẹ́nu nítorí àlejò. Ó se èèpo orín ata, ó bu omi rẹ̀ sẹ́nu, ó jókòó. Ìgbà náà gan-an ni àwọn ìyàwó Ògúnṣeyè méjèèjì wọlé tọ̀ ọ́ wá, wọ́n ń pariwo nípa ọlọ. Ìyálé ní ìyàwó kékeré máa ń lọ ata, kì í fọ ọlọ. Ó sọ ọ́ tán, ó dúró de èébú ìyá ọkọ. Kò sí èébú. Ìyá ọkọ kàn ń wò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pọ̀ jù, ìyálé tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń rọlẹ̀.

"Ìyá, kì í ṣe ti ọlọ náà. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ẹni tó ń pè mí wá jẹun mọ́."

Ẹnu ya ìyàwó kékeré. "Mo rò pé ẹ kì í fẹ́ bá mi jẹun ni. Ìgbà tí mo bá dé, ẹ máa ń dìde."

"Mo máa ń dìde kí àyè lè gbà ọ́ ni!"

Wọ́n wo ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n jáde lọ, wọ́n fọ ọlọ náà pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́. Àwẹ̀ró kù nìkan, omi ti tutù lẹ́nu rẹ̀, ohun tó sì ń dùn ún ti kúrò ní eyín. Kò sọ ohunkóhun, ọ̀rọ̀ sì parí. Ó rántí gbogbo ẹni tó ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yẹn, tí òun fi ẹ̀rín tì jáde kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ránṣẹ́ sí àwọn baálé. Lábọ̀dé àti Ògúnṣeyè kò wá, wọ́n ń pọ́n àdá. Ó gbé ìkòkò omi ka iwájú àwọn tó kù, ó ní kí olúkúlùkù bù ú sẹ́nu, kí wọ́n má gbé e mì, kí wọ́n má tu ú, kí baálé kan máa sọ ohun tó ń dùn ún, kí àwọn yòókù máa wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ Abomisẹ́nu, ẹ wo àwọn àgbàlagbà onírungbọ̀n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́! Baálé Ìta Ẹ̀rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó tu gbogbo omi náà sí ẹnìkejì rẹ̀ ní agbádá. Òmíràn gbé e mì kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó kí wọn tán.

"Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní láti tún un ṣe fún un!"

"Ẹ bu òmíràn, baálé."

"Èyí ti gbóná lẹ́nu mi."

"Ẹnu yín ló gbóná, kì í ṣe omi. Ẹ bu òmíràn."

Nígbà tí wọ́n lè gbé e sẹ́nu títí ọ̀rọ̀ fi parí, ó gba "mo gbọ́" kúrò lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ní tòótọ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ, kó sì máa tún un sọ títí ẹni tó ni ín yóò fi wí pé, "Ohun tí mo sọ nìyẹn." Bí onítọ̀hún kò bá tíì wí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ yìí le fún wọn ju oko ríro lọ. Baálé Ìta Ẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tí ojú bá ti tì tó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kó tún tì í mọ́.

Ọjọ́ ọjà pé. Oòrùn yọ, Òkè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan àkùrọ̀, Ìsàlẹ̀ dúró sí èkejì, àdá ń kọ mànà. Láàárín wọn, lórí ebè ilá, àwọn baálé tẹ́ ẹní, wọ́n sì gbé ìkòkò kalẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó síwájú. Gbogbo ènìyàn ń retí ohun tí ẹnu rẹ̀ máa ṣe lónìí. Ó fi igbá bu omi, ó bù ú sẹ́nu, ó sì dákẹ́. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn ju bí àdá ṣe bà wọ́n lọ.

Baálé Ìta Ẹ̀rẹ̀ ló dìde. "A kò ní kí ẹ má jà," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹnìkejì rẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹni náà ń wí fún wa, títí onítọ̀hún yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, kó máa pa á lọ."

Ògúnṣeyè rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn nìkan? Ẹ gbé omi wá." Ó bù ú sẹ́nu, ó dúró pẹ̀lú èjìká rẹ̀ tí wọ́n dì.

Lábọ̀dé wá bẹ̀rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko, ó ń dúró, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Òkè ni. Ó ní kí wọ́n kúrò. Ó ní kí wọ́n má fi ọkọ́ kàn án mọ́.

Ògúnṣeyè gbé omi mì. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àwọn ń jowú oko wa, àwọn fẹ́ gbà á."

"Kì í ṣe ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Bu òmíràn," ni baálé Ìta Ẹ̀rẹ̀ wí.

Ó bu òmíràn. Wọ́n tún un sọ. Ó tún kùnà. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, òógùn ti bò ó. Nígbà tó tún gbé omi mì, ó ju àdá sílẹ̀, kì í ṣe nítorí àlàáfíà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà sú u.

"Ẹ ní ká kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ kò fẹ́ dá oko. Ẹ ní ká má fi ọkọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní fi ọkọ́ kàn án fúnra yín. Bàbá, kí ló wà níbẹ̀? Mo fẹ́ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, n kò rí ìdí rẹ̀."

Lábọ̀dé yí ojú sí àbúrò rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, bó ti máa ń dúró fún un láti jágbe mọ́ ọn. Ẹnu Àwẹ̀ró kún.

"Ìyá wa ló wà níbẹ̀," ó ní. "Ní ọdún tí ilẹ̀ gbóná, tí àìsàn tí a kì í dárúkọ wọ ìlú. Wọn kì í sin irú òkú bẹ́ẹ̀ sílé, wọn kì í sunkún rẹ̀, wọn kì í fi ibojì rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Èmi àti bàbá mi nìkan la gbẹ́ ilẹ̀, lábẹ́ igi ahùn yẹn. Bàbá ní kí n má sọ. Lọ́dọọdún ni ebè yín ń sún mọ́ ọn. Lọ́dún yìí, ẹ ti kọ ọ́ gun orí rẹ̀."

Omijé dà lójú Àwẹ̀ró bí òjò, ó ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà kọjá, ètè rẹ̀ kò sì là.

Nígbà tí Ògúnṣeyè sọ̀rọ̀, kò ku ohùn kankan tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. "Ẹ ní ìyá tó bí ìyá mi ló wà lábẹ́ ilá mi. Ẹ ní kò sí ẹni tó sunkún rẹ̀ rí. Ẹ ní kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀."

"Ohun tí mo sọ nìyẹn," ni Lábọ̀dé wí.

Ó kan Lábọ̀dé láti bu omi sẹ́nu. Ògúnṣeyè ní Ìsàlẹ̀ kò ní ilẹ̀ tútù mìíràn, pé ní oṣù tí òjò bá dá, àkùrọ̀ yìí ló ń gbé ọbẹ̀ wọn ró, pé bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, àwọn ọmọ yóò gbẹ. Lábọ̀dé gbé omi mì, ó tún un sọ láìku ẹyọ kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré.

Kò sí ohun tó kù láti jà lé lórí. Wọ́n ní kí a fi abẹ́ igi ahùn sílẹ̀ fún ìyá àti ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí Ìsàlẹ̀ máa dá èyí tó kù, kí ẹ̀fọ́ àkọ́já sì máa gòkè lọ sí Òkè. Àwọn tó gbé àdá wá kò fẹ́ kó jẹ́ pé wọ́n gbé e lásán, wọ́n fi í ro abẹ́ igi náà mọ́.

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró dìde. Ó rìn dé abẹ́ igi ahùn, ó kúnlẹ̀ lórí ìyá rẹ̀. Gbogbo ìlú sún mọ́ ọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ sínú láti àárọ̀ yóò tó ìran kan gbọ́. Ó la ẹnu. Omi ló tú jáde. Omi igbá kan ló bù sẹ́nu, ṣùgbọ́n omi náà kò dá; ó kún abẹ́ igi, ó wá ọ̀nà gba àárín ebè, ó ṣàn lọ sí Ìsàlẹ̀, ó yí padà, ó ṣàn gba ẹsẹ̀ Òkè. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi máa rántí wo ẹni tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ìborùn Àwẹ̀ró nìkan ló wà lórí koríko, ó tutù rinrin. Àwọn kan ní ó wọlẹ̀ tọ ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní òun gan-an ni omi náà. A kì í jiyàn rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó bu omi sẹ́nu.

Abomisẹ́nu, ẹlẹ́nu tó fi ẹnu ṣe ìkòkò. Ìyá tó dákẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi parí. A-gba-àdá-lọ́wọ́-ọmọ láìnawọ́.

Ìdí nìyí tí a kì í fi ata sí oúnjẹ rẹ̀, nítorí eyín náà; ìgbín àti ẹ̀kọ tútù ni à ń gbé fún un. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi sọ "mo gbọ́" ní ojúbọ yìí, tí ẹni tó bá ṣèèṣì sọ ọ́ fi ń gbá ilẹ̀ ojúbọ títí ọdún fi yí po. Ìdí nìyí tí baálé kan kò fi lè jókòó lórí àpótí bàbá rẹ̀ ní Ìdó-Ahùn àti gbogbo abúlé rẹ̀, àfi tó bá kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ síbí, kó bu omi ìyá sẹ́nu, kí ẹni tó kórìíra rẹ̀ jù lọ ní ìlú sì sọ gbogbo ohun tó ní nínú sí i. Àwọn baálé tó ti gbé e mì kí ọ̀rọ̀ tó parí ju ẹyọ kan lọ. A mọ̀ wọ́n. A ò ní dárúkọ wọn, ìyàwó wọn wà níbí.

Ó yá, ẹ gbé igbá sún mọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ ìyá méjì tí ẹ ti ń ṣẹ́jú burúkú síra yín láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ rò pé n kò rí yín, ẹ jáde síwájú ìyá. Àbúrò ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwọ ẹ̀gbọ́n, bu omi sẹ́nu.

Má gbé e mì o.